Ta Ló Ń Gbé Létí Odò?

Nọ́ọ̀sì ará Íńdíà kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Glenarden, nílùú òyìnbó níbí. Tá a bá ti jókòó jẹun, á pe àbúrò rẹ̀ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò iṣẹ́ ìjọba nílé ní Íńdíà, á máa fi òyìnbó bi í ní ìròyìn ìlú wọn.

"Odò wo ló kún?"

Ìyẹn á dáhùn kíá.

"Ta ló ń gbé létí ẹ̀?"

Ọmọ náà á ní kó bi òun ní ìbéèrè mìíràn.

Lánàá, ó yíjú sí mi. "Tiyín ńkọ́?"

"Odò Ògùn ti kún l'Abẹ́òkúta. Mo ti kà á."

"Ta ló ń gbé létí ẹ̀?"

"Màmá mi."

"Ṣé omi ò wọlé bá wọn?"

Ojú gbà mí tì. Mi ò tíì pe màmá.