Páàdì Tó Wà Lára Ìṣó

Ká ní fáírọ́ọ̀sì orí kọ̀ǹpútà kò jẹ iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi jáde nílé ìwé run lẹ́ẹ̀mejì, n kì bá tí mọ Linux rárá. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan wà ní pálọ̀ wa ní Ìkòsí. Mo yọ Windows kúrò lórí rẹ̀, mo fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, rọ́pò rẹ̀, wàhálà fáírọ́ọ̀sì sì tán. Mo fọ́nnu kiri àdúgbò bí ẹni tó pa ẹkùn. Mi ò rántí bọ́ọ̀lù tí à ń gbá lórí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní nígbà yẹn, Sangisa ló ń gbé. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá kí a jọ gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, láti ìgbà tí iná bá dé títí wọ́n á fi mú iná lọ. Kì í gbé páàdì rẹ̀, ohun olókùn tó ń tẹ̀ láti fi gbá a, lọ sílé. Ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà wa ló máa ń fi í kọ́. A kì í sọ ju "gbá a síbí" àti "ojóró lo ń ṣe" lọ, síbẹ̀ mi ò ní ẹlòmíì tí mo ń bá sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Sátidé dé, mo ki CD géèmù náà bọnú kọ̀ǹpútà, ó kọ̀, kò ṣí. Mo yí ẹ̀yìn páálí rẹ̀ wò: wọ́n kọ Windows síbẹ̀, Linux ò sí níbẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò ro tiwa mọ́ ọn.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Guy, fi Windows padà sí i jàre. Kí ló le níbẹ̀?"

Kò sí ohun tó le níbẹ̀, àmọ́ ẹnu tí mo ti fi fọ́nnu kò ṣeé fi gbà pé mo ṣe àṣìṣe. Mo ní màá kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n á ṣe ti Linux fún wa. Ó rẹ́rìn-ín.

Mo lọ sí káfè íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Kétu, mo sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lóòótọ́. Wọ́n tọ́ mi nílé pé ẹni tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan, kó kọ́kọ́ kí èèyàn dáadáa. Mo kí wọn kú iṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo bèèrè ìyàwó, mo bèèrè ọmọ, mo gbàdúrà kó má rẹ̀ wọ́n. Ìpínrọ̀ mẹ́ta ló lọ kí n tó dárúkọ géèmù. Ìdáhùn dé kí n tó dìde lórí àga: wọ́n ti rí ìwé mi, kí n má fèsì sí èyí. Ṣé wọ́n á bá ọmọ tí wọ́n tọ́ sọ̀rọ̀ kó má dáhùn? Mo fèsì, mo dúpẹ́. Ìwé ọpẹ́ náà padà wá bá mi, kò rí ẹni gbà á; ẹ̀rọ ló kọ ìdáhùn àkọ́kọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tún wá lẹ́ẹ̀kan. Mo fi géèmù ọ̀fẹ́ tó bá Linux wá hàn án, káàdì àti kí á máa wá bọ́ǹbù kiri. Ó ń yán. Lẹ́yìn ìyẹn, ó rí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan nítòsí ilé wọn. Kọ̀ǹpútà mi mọ́ tónítóní, kò ní àìsàn kankan, kò sì sí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án àfi èmi. Ó dùn mí gan-an. Bí Sátidé bá dé, màá wo páàdì lára ìṣó, màá ní kò tíì gbé e lọ, ó ń bọ̀.

Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò bọ́ bàtà.

"Guy, páàdì mi ni mo wá mú."

Mo ká okùn rẹ̀, mo pẹ́ lórí ẹ̀.

"Àwọn tó ṣe géèmù yẹn ti fún ẹ lésì?"

Mo ní wọ́n ti fèsì. Mo bèèrè màmá rẹ̀, ó ní wọ́n wà. Mo bèèrè àwọn àbúrò rẹ̀, mo bèèrè iṣẹ́ tó ń wá. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo fẹ́ sọ fún un pé màá yọ Linux lónìí, kó jókòó. Mo kí i títí ìkíni fi tán lẹ́nu mi, mi ò lè sọ ọ́.

Ó gba páàdì rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀. Mo ní kó bá mi kí wọn nílé.