Ehoro Orí Àjà Púpurú

Èéfín púpurú, ẹ̀gẹ́ roboto tí a ń fi èéfín gbẹ lórí ààrò, ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Erinje. Ó máa ń ta ni lójú, ó máa ń wọnú aṣọ, bí o bá sì wọ mọ́tò padà sí Okitipupa, ẹni tó jókòó tì ọ́ yóò ti mọ ibi tí o ti ń bọ̀. Yàrá tèmi náà ń rùn bẹ́ẹ̀ díẹ̀ báyìí, àwòrán kan ló fà á.

O ṣáà mọ wèrè mi lórí àwòrán ẹranko tí àwọn ará Faransé ń ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní mẹsotíńtì. Iṣẹ́ àwọn tó ṣì ń ṣe é lónìí ni mo máa ń wá lórí fóònù: ológbò, òwìwí, àdán, gbogbo wọn nínú dúdú tó jinlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló ń yà mí lẹ́nu jù. Oníṣẹ́ yóò fi irin eléyín wẹ́wẹ́ gún ojú bàbà títí, débi pé bó bá fi tàdáwà kùn ún tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, òkùnkùn nìkan ni yóò jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa ha bàbà náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ha ni yóò funfun, títí ẹranko yóò fi yọ.

Ehoro kan ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn tí mo rà. Ẹni tó ṣe é ti sọ fún mi pé ojú bàbà rẹ̀ ti gbó, òun kò lè tẹ òmíràn mọ́. Mo gbé e lọ sí Erinje láìtíì fi gíláàsì bò ó, kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi lè rí i. Iye ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Iye bi mí bí wọ́n ṣe ṣe é, mo ṣàlàyé. Wọ́n wo púpurú tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha lọ́wọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, tí inú rẹ̀ sì funfun.

"Ọma mi, púpurú nìyẹn," ni Iye wí. "Fi í sílẹ̀ fún mi ná, kí n máa wò ó."

Nígbà tí mo padà lọ, òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́. N kò rí ehoro mi lára ògiri. Orí àjà ààrò ni mo ti rí i, láàárín àwọn púpurú roboto, tí èéfín ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bébà rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ehoro tó funfun bí òwú sì ti di aláwọ̀ ehoro inú oko wa. Níbo ni mo ti fẹ́ rí èkejì rẹ̀?

"Ilé tutù, mi ò fẹ́ kó bu," ni Iye wí. "Mo tiẹ̀ fẹ́ fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀, kó tún mọ́lẹ̀ sí i. Mo ní kí o dé ná." Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n ń wò mí lójú. "Ṣé mo tọ́jú ẹ̀ dáadáa?"

Inú bí mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi kí n tó rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ehoro náà: àgbàdo tí Iye fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, tí wọ́n so pọ̀ sókè kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

"Ẹ tọ́jú rẹ̀, Iye."

Mo rò nígbà náà pé ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kó irú rẹ̀ jọ ti sọ pé ó ti bàjẹ́, òótọ́ ló sì sọ. Àwọn yòókù mọ́ tónítóní nínú gíláàsì wọn, ẹni bá rí wọn yóò yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ehoro yìí nìkan ni ẹnìkan ti gbé sáàárín irúgbìn rẹ̀ rí.