Níbo Ni Rúùtù Mẹ́ta Ti Wá?

Ọmọ tó fẹ́ẹ̀ rán mi sọ́run, èmi kọ́ ni mo bí i. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Láti Ìjàgbó ló ti ń gun ọ̀kadà wá bá mi ní Ọ̀fà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí n lè kọ́ ọ ní ìṣirò. Ó ti ṣe ìdánwò àṣejáde girama lẹ́ẹ̀mejì, ìṣirò nìkan ló ń gbé e ṣubú. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta yìí lòpin: tí kò bá gba krẹ́díìtì, kó lọ kọ́ṣẹ́ irun dídì. Mi ò bá àwọn onídìrí jà o, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti ń fi aṣọ di ojú ọgbẹ́ fún ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ láti kékeré. Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ láti SS1 títí tó fi jáde, nítorí náà ìjákulẹ̀ ẹ̀ ń dùn mí wọ egungun.

Ní Sátidé kan, mo kọ ìbéèrè fún un: wá sin 60°, má lo ẹ̀rọ, ìdáhùn pípé ni mo fẹ́. Kí n tó panu dé, ó ti kọwọ́ bọ báàgì, ó ti fa kalikulétọ̀ yọ.

“Mo ní má lo ẹ̀rọ!”

“Mo kàn fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò ni, Mọ́mì.”

Ó kọ 0.8660. Mo ní èyí kò pé, wọ́n ti gé e nídìí. Ó ronú díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó wá kọ 0.8660254038. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

“Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ tán báyìí. Kò ku ẹyọ kan.”

Yéè! Orí mi fẹ́ẹ̀ fọ́. Gbogbo ohun tó wà lójú gíláàsì ẹ̀rọ náà ló dà sínú ìwé, lójú tiẹ̀ ó ti pé nìyẹn. Mo ṣàlàyé pé nọ́ńbà yẹn kò lópin, pé ibi tí ààyè ti tán fún ẹ̀rọ ló dúró sí, pé √3 lórí 2 ni ìdáhùn pípé. Ó ní ó ti yé òun. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, mo bi í ní cos 30°, ọwọ́ tún ti wọ báàgì! Mo já kalikulétọ̀ gbà, mo fi sórí àga, mo jókòó lé e.

“Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn? Ṣebí a máa ń kọ tábìlì sáìnì àti kósáìnì yẹn lórin ní kíláàsì ni!”

Irọ́ kọ́. Ní kíláàsì mi, gbogbo wọn á dìde, wọ́n á máa ké e: sáìnì ọgbọ̀n, ìdajì, sáìnì ọgọ́ta, rúùtù mẹ́ta lórí méjì. Ẹni tó bá ṣì í á kúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn.

“Mo mọ orin ẹ̀, Mọ́mì. Tí mo bá ti dé inú ìdánwò, ńṣe ló máa ń dàrú mọ́ mi lójú. Mi ò ní mọ èyí tó ni ìdajì, mi ò ní mọ èyí tó ni rúùtù. Níbo gan-an ni rúùtù mẹ́ta yẹn ti wá?”

“Bó ṣe rí nìyẹn! Àbí ìwọ lo dá ìṣirò sílẹ̀? Ṣáà há a sórí!”

“Ẹ má bínú, mà.”

Ó dorí kodò. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, nítorí mi ò lè dá a lóhùn. Olùkọ́ ìṣirò láti ogún ọdún! Mo ṣe bí ẹni tó ń wá awò ojú rẹ̀, mo wọ yàrá, mo ṣí ìwé tí mo fi ń kọ́ wọn. Àlàyé ẹ̀ wà níbẹ̀, ojú ìwé kan péré, ṣáájú tábìlì. Ọdọọdún ni mo máa ń fò ó, torí iṣẹ́ pọ̀, sáà ẹ̀kọ́ kúrú, àti pé wọn kì í bi ọmọ léèrè ẹ̀ nínú ìdánwò.

Mo padà wá, mo ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, mo fi méjì-méjì sí wọn. Ọgọ́ta-ọgọ́ta ni igun ẹ̀. Mo fa ìlà láti orí wá sí àárín ìdí.

“Ìdajì ìdí di mélòó?”

“Ọ̀kan.”

“Ẹ̀gbẹ́ tó dagun ńkọ́?”

“Méjì náà ni.” Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó fi méjì lu méjì, ó di mẹ́rin, ó fi ọ̀kan lu ọ̀kan, ó yọ ọ́ kúrò, ó ku mẹ́ta. “Háà! Ìlà tó dúró yìí ni rúùtù mẹ́ta!”

Ó rí sin 60°, ó rí cos 30° lójú kan náà, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wá gbójú sókè.

“Kò jù báyìí lọ?”

Mo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún jágbe mọ́ ọn pé kó yé wò mí, kó ṣe ti sáìnì márùndínláàádọ́ta. Ó ṣe é.

Nígbà tí èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀kẹta jáde, ó gba krẹ́díìtì. Àbúrò mi kò fi fóònù sọ ọ́; òun fúnra rẹ̀ ló ru iṣu wá, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọpẹ́lọpẹ́ yín lára ọmọ yìí. Ọdún méjì gbáko ló fi jókòó sílé!”

Mo fà á dìde. Mo fẹ́ sọ fún un pé ojú ìwé kan tí mo fò ló gba ọdún méjì yẹn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Mo gba iṣu náà, mo ní kí Ọlọ́run bùkún un.