Káàdì Tí Mo Fi Há Àárín Ìwà Búdà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Duluth lẹ́bàá Atlanta, ẹ̀gbọ́n mi Táyọ̀ ló ń fọ abọ́, èmi ni mò ń to àwọn káàdì tí bàbá wa ń kọ ohun tó bá kà sí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí àwọn òbí yín wá kàwé ní Atlanta, ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: ìwé lórí àga, ìwé lórí fíríìjì, ìyá nọ́ọ̀sì tó ń sùn lọ́sàn-án, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo. Inú páálí bàtà ni àwọn káàdì náà wà. Bí mo bá tò wọ́n tán lọ́jọ́ Sátidé, ìrẹsì á ti máa ta sánsán, màmá mi á sì fún mi ní ẹran kan kí oúnjẹ tó délẹ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ni bàbá mi wá kọ́ ní Amẹ́ríkà. Bó ṣe wá di pé ìwà Búdà ló ń kọ̀wé lé lórí, kò yé mi títí dòní. Kò yé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà. Wọ́n á bi màmá mi pé ṣé ọkọ rẹ̀ kò tíì padà sọ́dọ̀ Jésù ni, á ní kò kúrò níbẹ̀, ìwé ló ń kà.

Káàdì Íńdíà ni mo máa ń tò ṣáájú. Ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ àtijọ́ ti sọ pé ìwà Búdà, ìyẹn ohun tó ń sọ ẹ̀dá di Búdà, ẹni tí ojú inú rẹ̀ là, ti wà nínú gbogbo ẹlẹ́mìí, ìdọ̀tí ló kàn bò ó, bí wúrà tó bọ́ sínú ààtàn. Ṣáínà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Kòríà àti Japan, níbi tí àwọn kan ti ní koríko àti igi pàápàá ní in. Tibet ló gbẹ̀yìn. Àwọn tibẹ̀ ń jiyàn bóyá nǹkan náà wà lóòótọ́ tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Orí mi dàrú. Ṣọ́ọ̀ṣì ní inú ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, káàdì ní wúrà wà nínú mi. Bí a bá lọ ra ẹja lọ́jà àwọn ará Kòríà, màá dúró ti èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú gíláàsì, màá máa wojú rẹ̀, títí màmá mi á fi fà mí létí. Mo ṣá jẹ ẹja náà.

Uncle Dìpọ̀, àbúrò bàbá mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Òun ló ń fi mọ́tò gbé wa wálé láti ilé ìwé, òun ló sì fi ṣọ́ọ̀kì fa sùúwè sílẹ̀ fún wa níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mu bíà kó tó wá gbé wa. Mọ́tò já sí kòtò, apá Táyọ̀ sì kán. Bàbá mi kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó ní kò sí ohun rere kankan nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Uncle lọ ń gbé ní Covington. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí, n kò mọ èyí tí ǹ bá mú.

Ní Sátidé kan, bàbá mi dúró ní pálọ̀, ó ń ka káàdì sí wa létí, torí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ó dé Ṣáínà. Ìwé mímọ́ tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní àwọn èèyàn burúkú kan wà tí kò ní ìwà Búdà rárá. Mọ́ńkì kan, ọ̀kan nínú àwọn tó fi ayé sílẹ̀ fún ẹ̀sìn náà, ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì lé e jáde. Nígbà tí ìwé náà wá dé ní kíkún, ohun tí mọ́ńkì náà sọ gan-an ni wọ́n bá níbẹ̀. Bàbá mi ṣí káàdì tó tẹ̀ lé e, ó kà á sókè: “Uncle Dìpọ̀ ńkọ́?”

Ó ti kà á tán kó tó rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni.

Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ sókè, kí n kọjú sí ògiri. Màmá mi ní, “Daddy Táyọ̀, ẹ dá ọmọ lóhùn. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ.” Táyọ̀ gbé apá tí wọ́n dì sókè, ó ní, “Daddy, kò dùn mí mọ́, I promise.” Irọ́ ni.

Bàbá mi fa àga jókòó. Mo gbọ́ tó kọ nǹkan, mo sì gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Nígbà tó padà dé, Uncle Dìpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Uncle kúnlẹ̀ níwájú Táyọ̀, ó di apá náà mú, ó ń sunkún. Bàbá mi ní, “Kò ní fi mọ́tò gbé àwọn ọmọ mi mọ́ o.” Ó bá lọ fọwọ́, a sì jẹun.

Àwọn ọmọ òde òní kì í kúnlẹ̀. Bí mo bá ní kí ọmọ mi kúnlẹ̀, á kọ́kọ́ béèrè ìdí, á sì jókòó gbọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ mi ní Austell ni bàbá mi wà báyìí, kò mọ orúkọ mi mọ́. Uncle Dìpọ̀ tí kò gbọdọ̀ fi mọ́tò gbé ọmọ ló ń fi mọ́tò gbé bàbá mi fúnra rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí páálí bàtà náà, mo yí káàdì mi padà. Ohun tí bàbá mi kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni: “N kò mọ̀.” Láti kékeré ni mo ti rò pé ó ti rí ìdáhùn kó tó mú kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ mi wá bá mi ní kíṣìnnì lánàá. Ó ní, “Mommy, ṣé Grandpa ṣì wà nínú Grandpa?”

Mo ní n kò mọ̀. Mo bu ìrẹsì, mo yọ eegun ẹja kúrò, mo gbé e lọ fún bàbá mi.