Garawa Epo Kan fún Ìtọ́jú Ọdún Kan

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Erínjẹ. Agbẹ̀bí ni mí, ìwé ẹ̀rí mi ṣì ń dán. Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn kì í tètè wá. Wọ́n á jókòó sílé títí àìsàn á fi le, wọ́n á wá fi kẹ̀kẹ́ gbé aláìsàn wá nígbà tó bá ti ń japoró. Tí mo bá ní kí ló dé, wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, a rò pé á lọ fúnra rẹ̀ ni." Irọ́ ni. Owó abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń sá fún.

Ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ló dá ọgbọ́n kan sí i. Tí àsìkò epo bá dé, ilé tó bá fẹ́ á mú garawa epo kan wá. Ẹgbẹ́ á tà á, wọ́n á fi ra oògùn, wọ́n á sì fún ilé náà ní káàdì. Ẹni tó bá mú káàdì yẹn wá, ìgbàkigbà tí ara rẹ̀ kò bá yá láàárín ọdún, a kì í bi í ní kọ́bọ̀.

Ó dára, àbí? Àmọ́ èsúsú ni àwọn èèyàn wa mọ̀, olúkúlùkù ló sì ń kó tirẹ̀ nínú èsúsú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá Jeremáyà wọlé tọ̀ mí wá. Àgbẹ̀ ni, àgbàlagbà tí kì í ṣàìsàn rárá.

"Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo ló máa kàn mí?"

"Kí ló máa kàn yín, Bàbá?"

"Epo mi. Nǹkan kan ò ṣe mí látìgbà tí mo ti mú un wá."

"Ẹ dúpẹ́ nìyẹn. Epo ẹni tí ara rẹ̀ le la fi ń wo ẹni tí ara rẹ̀ ò yá."

Ó nawọ́ sí mi. "Ó dáa. Fún mi ní oògùn tèmi."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Bàbá ò wá. Lónìí orúnkún, lọ́la etí. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Àwọn tí ara wọn dá ṣáká kún ìta wa, wọ́n ń jẹ pupuru, wọ́n ń sọ̀rọ̀ oko, oògùn sì ń tán lọ. Èmi náà ò ní sùúrù nígbà yẹn. Mo ní kí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi pé ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbóná, kó má wá. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọjọ́ kejì, obìnrin kan dúró níwájú tábìlì mi. Mò ń kọ̀wé, mi ò gbójú sókè.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Orí ló ń fọ́ mi díẹ̀, Mà."

"Ara rẹ ń gbóná?"

"Rárá, Mà."

"O ò gbọ́ ìkéde ni?"

"Mo gbọ́, Mà. Mo ní kí n ṣáà wá ni."

"Máa lọ sílé."

Ó dúpẹ́, ó yí padà. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo tó wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo rí: ó wú débi pé okùn bàtà rẹ̀ ti rì sínú ẹran. Felísíà ni, oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ. Lọ́dún tó kọjá, giírì aboyún ti mú un nílé kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi ni mo gbẹ̀bí òkú ọmọ rẹ̀.

Mo sáré fà á padà. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń ru gan-an. Mo ní kó tọ̀ sínú ìgò. Orí iná sítóòfù la ti ń yẹ ìtọ̀ wò láyé ìgbà yẹn: tó bá gbóná tó sì dì funfun bí ẹyin tó jinná, ewu ń bẹ. Ti Felísíà dì. Bí a bá fi í sílẹ̀, giírì yẹn á tún dé, ó sì lè gbé ìyá àti ọmọ lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ekùrọ́ ń bọ̀, ó ń lọ sí Okitipupa. Mo dúró sáàárín títì. Awakọ̀ ní òun kì í gbé aboyún.

"Ìwọ ńkọ́, ṣé ojú ọ̀run lo ti já bọ́ ni?"

Ó ṣílẹ̀kùn fún wa. Nílé ìwòsàn, àwọn dókítà ò fi àkókò ṣòfò, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ẹkún ọmọ. Obìnrin ni. Wọ́n ní ìyá náà ti lajú. Mo jó nínú yunifọ́ọ̀mù mi níbẹ̀, mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, èmi fúnra mi dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Ẹ máa bọ̀. Bó jẹ́ èékánná ló ń dùn yín, ẹ máa bọ̀. Èmi ni mo máa sọ fún yín pé kò sí nǹkan." Bàbá Jeremáyà ṣì ń wá. Mò ń wò ó, mò ń kí i, mò ń ní kó máa lọ láìfún un ní oògùn, inú rẹ̀ sì ń dùn pé epo rẹ̀ kò ṣòfò. Àwọn aboyún bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti oṣù kẹta, kẹrin. Kí n tó kúrò ní Erínjẹ, a ti ń pẹ́ ká tó rí ẹni tí wọ́n gbé wá lórí kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí ọmọ náà pé ogójì ọjọ́, Felísíà gbé e wá. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Dárí jì mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ọ lọ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Mà," ló fi dá mi lóhùn. "Ká ní mi ò ní káàdì ni, ǹ bá kàn so gèlè mọ́ orí tó ń fọ́ mi, ǹ bá sì lọ sùn."

Ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́.