Ìdérí Tí Kò Jókòó

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ìyá káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jẹ́-Ó-Gún, pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ènìyàn dijú ni ọkùnrin náà dìde. Ó sún mọ́ pósí, ó ń fọwọ́ ra etí rẹ̀ yíká bí ẹni ń wá eyín tó jábọ́.

"Ẹ dúró ná," ó ní. "Ìdérí yìí ò jókòó."

Ó tọwọ́ bọ abẹ́ kóòtù, ó fa ìfági yọ. Ta ló ń gbé ìfági lọ síbi ìsìnkú ìyá rẹ̀? Jẹ́-Ó-Gún ni.

"Arákùnrin, àdúrà là ń gbà lọ́wọ́ o!" ni pásítọ̀ kígbe.

"Ẹ máa gbà á lọ, sà. Ọwọ́ ni mò ń lò, n ò lo ẹnu."

Bí àwọn ènìyàn bá ti ní "Àmín," ìfági á ní "Ṣíọ̀!" Àwọn kan ní òkú pàápàá rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni àbúrò rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dójú tì wá! Omijé kan ò bọ́ lójú yín. Ṣé ìyá tó bí wa kọ́ ló kú ni?"

"Omijé ò lè mú ìdérí jókòó," ni Jẹ́-Ó-Gún wí, ó ń wo bàtà àbúrò rẹ̀. Kì í wojú ènìyàn.

Láti ọjọ́ náà, àbúrò kò tẹ ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Ọdún ń gorí ọdún.

Kí a má purọ́ mọ́ òkú, Jẹ́-Ó-Gún ṣòro. Bí àlejò bá jókòó pẹ́, tó wá ṣe ọmọlúàbí pé, "Ṣé kò sí pé a dí yín lọ́wọ́?" á ní, "Ẹ dí mi lọ́wọ́ o, láti àárọ̀ ni." Ìyàwó rẹ̀ á sáré sin àlejò dé títì, á máa bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà bẹ ènìyàn títí, ẹ̀bẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ìdérí ìyá rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó kan pósí tirẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń kó pákó sínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kó pákó jáde, ó nà gbalaja sínú rẹ̀, ó ń wo bó ṣe gba èjìká òun, ni oníbàárà kan wọlé. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" ni oníbàárà wí. "Ẹ jókòó," ni pósí dáhùn. Ọkùnrin náà fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Wọ́n ní títí dòní, ó ṣì ń sáré.

Ìgbà tí aládùúgbò gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá dé ni nǹkan yí padà. Bí ẹ̀rọ náà bá ti bú, Jẹ́-Ó-Gún á wọ abẹ́ tábìlì, á fọwọ́ di etí, á máa mì síwá sẹ́yìn. Ẹ̀rù ba ìyàwó rẹ̀, ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, dókítà ń bi í léèrè láti ìgbà èwe rẹ̀ wá.

"Ọtísíìmù là ń pè é," ni dókítà wá sọ. "Kì í ṣe àrùn, bàbá. Bí wọ́n ṣe bí yín nìyẹn. Ariwo, wíwojú ènìyàn, mímọ ohun tí ẹlòmíràn ò sọ jáde, àwọn nǹkan wọ̀nyí lè ni yín lára."

Jẹ́-Ó-Gún ń wo ẹsẹ̀ àga dókítà. "Ìyẹn ni pé kì í ṣe pé mo wọ́?"

"Ẹ ò wọ́ rárá. Irú igi tiyín ló yàtọ̀."

"Ó dáa. Ẹsẹ̀ àga yín kan kúrú o, dókítà. Á gbé yín ṣubú."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ ò tíì parí tó fi ṣubú.

Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń rántí gbogbo ìgbà tó ti pariwo pé, "Ẹ ò tilẹ̀ fẹ́ràn mi!" tí ọkùnrin náà á dìde láìfọhùn, á lọ tún àpótí tó fi ń jókòó dáná ṣe, kó má baà mì mọ́. Èsì ló ti ń fún un látọjọ́ yìí wá. Òun ni kò gbọ́. Kí wọ́n tó délé, ó ti pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ohun kan wà tí gbogbo wa ò mọ̀."

Ó wá, ó gbọ́, ṣùgbọ́n ìbínú tó ti pẹ́ kì í tètè ṣí nídìí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ ti dókítà. Ẹ ṣáà sọ fún mi: kí ló dé tí ẹ fi ń fági nígbà tí à ń sin Màmá?"

Jẹ́-Ó-Gún wo èékánná rẹ̀. "Màmá kì í fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí òun. Èmi ló máa ń ní kí n ti fèrèsé dáadáa. Ìdérí yẹn fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Awakọ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ nígbà náà?"

"O ò bi mí. Ẹkún lo bi mí."

Àbúrò fẹ́ dì mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n sá sẹ́yìn, ó na ìfági sí i. "Gbà. Fá igi yẹn. Má fi agbára ṣe é."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Awakọ̀ á wá lẹ́yìn iṣẹ́, wọn á máa fági láìwojú ara wọn. Pákó tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó kọ́ ilé. "Tìẹ wọ́," ni Jẹ́-Ó-Gún á wí, á sì gbé òmíràn fún un.

Kò pẹ́ rárá. Kí òjò ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, ọkàn Jẹ́-Ó-Gún daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Sáńpépà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá a.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo ènìyàn rí i pé kóòtù awakọ̀ wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí pásítọ̀ tó lanu, ó ti dìde, ó fa ìfági yọ, ó fọwọ́ ra etí ìdérí yíká, ó tún rà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń wá ibi tó lè fá, ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe. Kò sí. Jẹ́-Ó-Gún ti ṣe é tán. Irun orí kan ò lè gbabẹ̀ kọjá.

Pásítọ̀, tó ti darúgbó, sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, ṣé kí á gbàdúrà, àbí iṣẹ́ ṣì wà?"

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn, ó tàn dé iwájú. Ìyàwó Jẹ́-Ó-Gún pàápàá fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ máa gbà á, sà," ni awakọ̀ wí, ó gbá ìfági mọ́ àyà, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ó jókòó."

Wọ́n gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n ṣe "Àmín," gbogbo wọn dẹtí díẹ̀, bí ẹni ń retí kí ìfági dún.