Ọpọlọ Tuntun fún Ẹ̀rọ Ọkọ Mi

Àjàgbé, ọmọ a-fi-iṣu-ta-àlejò-lọ́rẹ. Ọmọ olókè àpáta, òjò wẹ̀ ẹ́, oòrùn pa á, kò ṣípò. Tíṣà tí ṣọ́ọ̀kì kì í tán lápò rẹ̀. Àgbà tí í kí ọmọdé kí ọmọdé tó kí i. Ọkọ mi nìyẹn. Òun ni mo ń kọ̀wé yìí nípa rẹ̀.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà ní Ìkọ̀lé, nítorí náà bí mo bá ṣi nǹkan kọ, kí ẹ foríjì mí. Gbogbo ẹni tó bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí ni mo rántí lórúkọ, àti orúkọ bàbá wọn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè, mi ò sì bèèrè lọ́wọ́ wọn. Oríkì olóògbé tó.

Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì ń lọ sí ilé ìwé. Kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n kò jọ àwọn tí mo ń rí ní báńkì. Kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ, ara tẹlifíṣọ̀n wa ni wọ́n sì ń so ó mọ́ kí ènìyàn tó rí ohun tó ń ṣe. Ọkọ mi fi kọ́ ìdajì ọmọ àdúgbò ní ìṣirò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ẹnikẹ́ni ò wá kọ́ nǹkan mọ́, òun nìkan ló ń jókòó tì í láàárọ̀ bí iná bá wà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ ni àìsàn dá a dúbúlẹ̀. Inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó gbé oúnjẹ tì. Bí mo ro ẹ̀kọ, á ní kí n gbé e sílẹ̀ ná; bí mo gún iyán díẹ̀, á wò ó bí ẹni ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Láàárín ìyẹn náà ni iná dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ó jó gílóòbù pálọ̀, ó sì pa ẹ̀rọ náà. Ọkọ mi ní ká gbé e wá sórí ibùsùn. Ó tú u, ó yẹ ibẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, nítorí kò lè jókòó pẹ́. Nígbà tó parí, ó ní, "Ọpọlọ rẹ̀ ló kú. Gbogbo ìyókù dára. Ìyá ilé, bá mi wá òmíràn. Mo fẹ́ rí i kó tàn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo ní, "Bàbá, ara yín ni ká kọ́kọ́ wá oògùn sí."

Ó ní, "Gbé ẹ̀kọ yẹn wá."

Ó mu ún tán. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí mo ń ṣe. Bí ó bá ti ní nǹkan tó ń retí, á jẹun. Bí kò bá ní, kò ní jẹ.

Ọpọlọ náà, áísì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é, jẹ́ ohun dúdú pẹlẹbẹ tó gùn bí ìka, ó ní ẹsẹ̀ ogójì bí ọ̀kùn. Ọkọ mi fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ihò rẹ̀, ó ní kí n gbé e lọ fún oníṣẹ́ rédíò. Mo fi sórí tábìlì kí n lè múra. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó wá láti Ìrè láti bá mi tọ́jú aláìsàn, rí i níbẹ̀. Ní ilé tiwọn, ohun tó bá ti ọwọ́ aláìsàn jáde kì í kọjá ẹnu ọ̀nà láìwẹ̀, kí àìsàn má baà bá a ròde. Kí n tó wé gèlè tán, ó ti fi kàn-ìn-kàn-ìn àti eérú fọ̀ ọ́ bíi ìsaàsùn. Ó ń dán.

Oníṣẹ́ rédíò gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i padà, ó tún yí i padà. "Màmá, nọ́ńbà rẹ̀ dà?"

"Nọ́ńbà wo?"

"Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Òun la fi ń mọ irú èyí tó jẹ́. Èyí mọ́ bí àwo ọjọ́ Kérésì."

Nígbà tí mo délé sọ ọ́, ẹ̀rù bà mí pé ọkọ mi á bínú. Ẹ̀rín ló rín, tó fi di inú mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wẹ̀ ẹ́ fún ìsìnkú."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Àbí kí n jẹ́ kó gbé àìsàn rẹ kiri Ìkọ̀lé? Bóo bá fẹ́ nọ́ńbà, kóo kọ ọ́ sí orí."

Nọ́ńbà náà kò sì sí lórí rẹ̀. Kò kà á rí. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó kà á.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní Ọ̀yẹ́, ẹnì kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe fún mi ní ẹlẹ́sẹ̀ ogójì kan láti inú ẹ̀rọ àlòkù, ó ní bákan náà ni gbogbo wọn. Ọkọ mi fi sí i, tẹlifíṣọ̀n kàn ń hó funfun. Ó ní, "Gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ méjì kọ́ ni ọmọ ìyá kan." Ó jẹ ẹ̀bà díẹ̀ lálẹ́ yẹn. Orúnkún ń dùn mí, ọ̀kadà ti gbọ̀n mí láti Ọ̀yẹ́ dé ilé, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó jẹ ẹ̀bà.

Oníṣẹ́ rédíò ló dábàá pé ká wá ẹ̀rọ mìíràn tó jẹ́ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, ká ka nọ́ńbà lẹ́yìn ọpọlọ tiẹ̀. Ọkọ mi rántí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, ní ọ̀kan ní Ìdó. Mo wọ mọ́tò, mo sọ̀ ní Ìfàkì, mo wọ òmíràn. Bàbá náà jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí.

Ó ní, "Ó ṣì wà láàyè?"

Mo ní, "Ó wà láàyè. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló kú."

"Ẹ̀rọ tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò lè fún un ní ọpọlọ rẹ̀ o. Ìwọ̀nba tó kù nínú ilé yìí nìyẹn."

Ó tú u fún mi ṣá, ó wọ awò méjì léra wọn, ó ka nọ́ńbà náà sókè, mo kọ ọ́. Ó fi ẹ̀gúsí ránṣẹ́ sí ọkọ mi.

Ọmọ wa ọkùnrin tó wà ní Èkó ni a fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí. Ó pẹ́ kó tó rí i, nítorí kò sẹ́ni tó ń rọ irú rẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ láàárọ̀, ọkọ mi á bèèrè, "Mọ́tò Èkó ti dé?" Mà á ní kó kọ́kọ́ jẹun. Á jẹun. Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ títí iṣu tuntun fi jáde. Àárẹ̀ mú mi débi pé mo ń sùn lórí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó dé, lẹ́tà kan tó wà ní ìparí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Mo ní, "Kì í ṣe òun."

Ọkọ mi gbé e dání pẹ́. Ó ní, "Lẹ́tà yẹn ń sọ bó ṣe yára tó. Èyí yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí a bá ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko, ṣé ẹni tó yára lè rọra kọ ebè kó lè bá àwọn ìyókù rìn?"

"Ó lè rọra."

"Ẹni tó lọ́ra ńkọ́?"

"Kò lè bá wọn."

"Ká fi sí i."

Mo di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́, ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé. Tẹlifíṣọ̀n dúdú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́lẹ̀, ìlà kékeré kan sì ń ṣẹ́jú níbẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi ẹ̀rọ náà ṣe ìṣirò kan, ó rí èsì, ó mi orí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ṣé gbogbo ìrìn náà nìyí?" Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ nìyí." Òun fúnra rẹ̀ ló pa á.

Ní ọjọ́ kejì, kò bèèrè nǹkan kan. Ẹ̀kọ dì sínú àwo. Mo ní, "Bàbá, ibi tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì sí lára ẹ̀rọ yẹn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ o. Ṣé kí n lọ wá tiẹ̀ náà?"

Ó ní, "Ìyá ilé, ó ti rẹ̀ ọ́."

"Kò rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi."

Mi ò lọ síbì kankan. Mo jókòó tì í. Omi ló ń mu, lẹ́yìn náà omi kò lọ mọ́.

A sin ín ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsìn, ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Ìkọ̀lé.